Ohun A Fẹ̀sọ̀ Mú Lórí Yìnyín

Bí a bá sọ fún ará ilé pé àwọn ènìyàn máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí yìnyín láàárín ìgbà òtútù, tí wọ́n tún ń fi í díje, yóò ní ìyà ló ń wù wọ́n jẹ. Ìpínlẹ̀ Minnesota, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, èmi náà sì wà lára àwọn tí ń gùn ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Àṣà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1900, nígbà tí òkìkí wúrà ìlú Nome ní Alaska kàn, Ed Jesson gun kẹ̀kẹ́ láti Dawson ní Kánádà, ó gba orí odò Yukon tó ti dì gbagidi, títí ó fi dé Nome, ìrìn bí 1,000 máìlì. Max Hirschberg náà rin irú ìrìn yìí lọ́dún kan náà. Nígbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já, ó ta ẹ̀wù rẹ̀ bí ìgbòkun, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ.

Táyà ìgbà náà tínrín. Ti òde òní fẹ̀ tó ínǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kò tó. Lórí yìnyín rírọ̀, táyà tí afẹ́fẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú a máa rì bí ọ̀bẹ tó wọ ẹ̀kọ. Bí a bá jọ̀ ọ́ títí àtàǹpàkò fi lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yìnyín yóò sì gbé e. Ẹni tó bá fi ipá tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn yóò máa yí lójú kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìdíje Arrowhead 135, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, máa ń gbéra láti ìlú International Falls níbí. Máìlì 135 ni, wákàtí 60 sì ni gbèdéke rẹ̀. Òtútù lè dé ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà olúkúlùkù gbọ́dọ̀ gbé àpò ìsùn, sítóòfù àti fèrè dání. Ọ̀tá tó burú jù níbẹ̀ ni òógùn. Ẹni tó bá sáré jù yóò làágùn, aṣọ rẹ̀ yóò rin, bí ó bá sì dúró, aṣọ tútù náà lè pa á. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀jáfáfá fi ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gùn ún kò mọ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lára mọ́. Ibi tí à ń lọ kò ju máìlì mẹ́ta lọ, ilé tí iná wà sì sún mọ́ wa lẹ́yìn. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà láìjanpata. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ pé márààrún lónìí.

Àwa Yorùbá a máa yin ẹni tó fara dà á dé òpin, a sì máa ń pe ẹni tó padà ní ojo. Síbẹ̀ àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé akínkanjú tó mọ ìjà-á-jà tí kò mọ ìjà-á-sá ní í bá ogun lọ.