Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọbìnrin Náà Lọ

A bá ìdílé kan yọ̀ ní Lokongoma: ọmọbìnrin wọn wọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Lókòja láti kọ́ kẹ́mísírì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan kò fẹ́ dáwó. Wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ìyẹn ṣe nílé ọkọ?

Àwa rántí Dorothy Hodgkin, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní Oxford. Yóò jẹ́ kí oògùn dì bí horo iyọ̀, yóò ta X-ray sí i, yóò sì máa ṣírò àwọn àmì wínníwínní tó bá hàn lórí fọ́tò, títí yóò fi mọ bí oògùn náà ṣe tò nínú. Báyìí ló ṣe mọ pẹnisílínì ní 1945. Ti ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, gbà á láti 1935 di 1969, bẹ́ẹ̀ làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò. Ilẹ̀ Ghana, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ló wà ní 1964 nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn Nobel bá a.

X-ray kan náà ló fi ihò kéékèèké inú zeolite hàn. Zeolite ló ń sẹ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀rọ ọ́síjìn ọsibítù: ó ń di náítírójìn mú, ọ́síjìn ń kọjá sí imú aláìsàn.

Bí àìsàn bá dé, a kì í béèrè bóyá obìnrin ló mọ̀dí oògùn. Ẹ jẹ́ kí á dáwó fún ọmọ wa ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ẹ kú oríire.