Bí ìyá bá ń ṣarán, ṣé dandan ni kí ọmọ ṣarán?

 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin.

Nígbà tí ìyá mi pé ẹni ọdún 74, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe wọ́n, àwọn mìíràn ní àjẹ́ ni wọ́n ń jẹ́wọ́. Odindi ọdún kan la fi gbé wọn kiri ilé àdúrà kí a tó rí dókítà. Àrùn ìgbàgbé ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá wá kọ́kọ́rọ́ mi tì, àyà mi a já: ṣé tèmi náà ti dé?

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ti kọ́. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOE, òun ló ń bá ara kó ọ̀rá kiri, títí dé inú ọpọlọ. A jogún ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Irú tí wọ́n ń pè ní APOE4 máa ń mú kí ewu àrùn yìí pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ní i ló darúgbó tí iyè wọn pé, àwọn tí kò ní i náà sì ń ṣarán.

Ìbàdàn wa níbí ni ẹ̀rí wà. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, àti àwọn ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn àti àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Nínú èsì tó jáde ní 2001, nínú 100 ẹni tó ti pé ọdún 65, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan tí àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó lé ní mẹ́ta. APOE4 kò sì le láàrin Yorùbá tó bó ṣe le láàrin òyìnbó.

Nínú àwọn ará Ìbàdàn tí kò tilẹ̀ ní APOE4, ewu pọ̀ fún àwọn tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà tún dá kún un. Kò yani lẹ́nu: ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò ni òun nìkan ń jẹ. Bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ba ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ jẹ́, ebi á pa á.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn. Èmi náà lọ wọn tèmi lóṣù tó kọjá: 150/95. Mo ti ń lo oògùn lójoojúmọ́, mo sì ń rìn ní ìdájí.

A kì í yan òbí, ṣùgbọ́n a lè yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wa wò. Ẹ lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bí màmá tàbí bàbá yín bá sì ń gbàgbé, ẹ má pè wọ́n ní àjẹ́. Ẹ tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìyá yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iyè wa ra o.