Dírẹ́bà Tí Kì Í Wa Ọkọ̀

Tí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo pé ẹ ń kọ dírẹ́bà, wọ́n á bi yín pé ọkọ̀ dà. Dírẹ́bà tiwa kì í wa ọkọ̀. Kóòdù ni, òun ló ń bá ẹ̀rọ kékeré kan sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kó lè ka flọ́pì. Àwa méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, la jọ ń kọ ọ́ ní yàrá kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, ní alẹ́, tí iṣẹ́ tó ń mówó wá bá ti parí.

Flọ́pì méjìlá ni àbúrò bàbá wa fi sílẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ní Iléṣà. Ní nǹkan bí ọdún 1990, wọ́n jókòó ti ìyá wa àgbà, wọ́n ń tẹ oríkì ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà bí màmá ṣe ń kì í. Màmá ti lọ, àwọn náà ti lọ. Téèpù kankan ò sí. Flọ́pì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan ló kù, òmíràn sì ti bu bíi búrẹ́dì ọlọ́sẹ̀ méjì. Láti 2005 ni UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé, àwọn ère símẹ́ńtì tí Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú gbé kalẹ̀ sì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń tún wọn ṣe. Ta ló ń ṣọ́ flọ́pì?

Ẹ ó ní ṣebí a lè ra èyí tó ń lo USB. Flọ́pì kékeré nìyẹn ń kà, tiwa ò tiẹ̀ lè wọ ẹnu rẹ̀. DOS fúnra rẹ̀ ò sàn jù: ó gbìyànjú ìgbà díẹ̀, ó ti sú u. Ẹni tí kì í tètè sú la nílò.

NEC ló ṣe ẹ̀rọ kékeré náà, µPD765 ni wọ́n ń pè é. Òun ni IBM lò fún PC wọn lọ́dún 1981. Intel náà tà á lórúkọ 8272. Ojúlé mẹ́rin péré la fi ń dé ọ̀dọ̀ òun àti káàdì tó gbé e: 3F2, 3F4, 3F5 àti 3F7. Àwọn ojúlé yìí là ń pè ní rẹ́jísítà. Ẹ má rò pé ibi ìkópamọ́ ni wọ́n o. Tí ẹ bá kọ nọ́ńbà tó yẹ sí 3F2, díìsìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ ó gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a fún ojúlé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ká sì sọ ohun tí bíìtì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n. Nínú fáìlì tiwa, 3F4 ń jẹ́ IPO, 3F5 ń jẹ́ ORO. Kò sí àmì ohùn lórí wọn, torí kóòdù àtijọ́ ò gba àmì.

IPO la fẹ́ràn jù. Bíìtì mẹ́jọ ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣí tàbí kó dé, bíi ojú mẹ́jọ ara ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀nà 256 ni wọ́n lè gbà jáde, iye odù Ifá gẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń torí èyí sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. A ò bá wọn débẹ̀ jàre. Ẹsẹ lóríṣiríṣi ló wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan. Rẹ́jísítà ò ní ju iná títàn àti iná kíkú lọ. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ka méjèèjì, ìyẹn sì wù wá.

Bíìtì 7 ń sọ bóyá ẹ̀rọ náà ti ṣetán. Bíìtì 6 ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn: tó bá jẹ́ 0, àwa la máa sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ 1, òun ló fẹ́ fèsì. Báìtì mẹ́sàn-án ni àṣẹ ìkàwé, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo IPO kí ẹ tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, bí ọmọ tó ń wo ojú àgbà kó tó lanu. Èsì á wá jẹ́ báìtì méje. Tí ẹ bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á dojú rú, àfi kí ẹ fi bíìtì 2 inú 3F2 tún un bẹ̀rẹ̀.

3F7 ló lágídí. Tí ẹ bá kà á, bíìtì kan ń sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ díìsìkì. Tí ẹ bá kọ nǹkan sí i, ìyára ìkàwé lẹ ń yàn. Ó kàn wá gan-an, torí flọ́pì 360K ni ti bàbá, tráàkì 40, ẹ̀rọ tí a rí rà sì jẹ́ ti 1.2MB, oní-tráàkì 80, tó ń yí ìgbà 360 ní ìṣẹ́jú kan dípò 300. A gbọ́dọ̀ kọ 1 sí 3F7, ká sì máa sún orí ìkàwé ní ìṣísẹ̀ méjì méjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, flọ́pì tí kò ní àbùkù kankan ò ní ṣeé kà.

Ohun kan wà tí DOS kì í jẹ́ kí èèyàn rí. Bí apá kan lórí flọ́pì bá ti bàjẹ́, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ kó báìtì 512 ibẹ̀ fún yín kó tó sọ pé òun ò fọkàn tán an. DOS á dà á nù. Àwa ń kó o pamọ́. A ka apá kan náà nígbà 40, a jẹ́ kí orí ìkàwé wá láti iwájú, kó tún wá láti ẹ̀yìn, a wá mú lẹ́tà tó jáde jù. Ọ̀pọ̀ ìlà oríkì ti gba bẹ́ẹ̀ padà wálé.

WordStar ni bàbá lò, kò sì sí ọ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Nítorí náà, nínú fáìlì, 6F 08 2C ló ń jáde: o, padà sẹ́yìn, kọ́mà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i, a ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohùn ni wọn ò lè tẹ̀. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó mọ bó ṣe ń dún ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ní Iléṣà, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Ní Sátidé, àá kà á fún wọn, wọn á dá wa dúró. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti sọ bàbá ńlá yín di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á wá kì í bó ṣe yẹ.

Flọ́pì mẹ́jọ ti parí. Tráàkì 31 lórí ìkẹsàn-án ò tíì dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ka ìlà tó ṣáájú rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní ká tún un kà, wọ́n wá ń bá oríkì náà lọ fúnra wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bóyá ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn, bóyá ẹ̀ka mìíràn ni. A gbà á sórí fóònù. Nígbà tí a padà dé Òṣogbo, a sọ ìgbà 40 di 200 fún tráàkì yẹn, a sì jẹ́ kó máa yí mọ́jú.