Pósọ́fíìsì Ìlọrin àti Ọ̀rọ̀ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí ó bá sọ pé òun mọ Ìlọrin, ṣùgbọ́n tí kò dúró ní Pósọ́fíìsì rí, kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò náà ti gba orúkọ. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Màràbá tàbí ní Ọjà-Ọba, igbe tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ni "Pósọ́fíìsì! Ó ku ẹnì kan!" Síbẹ̀, nínú ogún ènìyàn tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹnì kan tí ó mú lẹ́tà lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń pàdé ọ̀nà. Afárá òkè ta kọjá lórí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí agbo oyin, àwọn òǹtajà sì tẹ́ ọjà wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá tí a fi ohùn Ìlọrin sọ, ẹ ó gbọ́ Hausa, ẹ ó gbọ́ Fúlàní àti Núpé, gbogbo wọn ní orí òwò kan náà. Fúlàní gbé wàrà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ta bàtà. Bí ẹ bá gbójú sókè díẹ̀, ẹ ó rí pátákó àwọn tí ń ta oògùn òyìnbó àti ti àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Láàrin èrò wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ká aṣọ funfun lé apá wà, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Àwọn ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn.

Ohun tí ó gbé èmi dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Ó fẹ́ gbé ìyàwó, àáfà tí yóò so yìgì fún wọn sì ti sọ gbangba pé òun kò ní jókòó bí òun kò bá rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Inú bí àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́ sọ tí ìfẹ́ kò tíì sọ?" Mo dá a lóhùn pé kí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná.

Kí a tó wọ ilé àyẹ̀wò, mo yà lọ́dọ̀ ìyá kan tí ń ta orín, mo ra orín àtà. Ìyá bi wá ibi tí a ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé orín tí ó mú lọ́wọ́ kalẹ̀, ó sì wo àbúrò mi lójú.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú lọ. Mẹ́ta ni mo sin. Wọ́n ní àbíkú ni. A sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, a sọ ọ̀kan ní Kòsọ́kọ́, a sọ ẹ̀kẹta ní Dúrósinmi. Kò sí èyí tí ó dúró. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ọmọ yunifásítì kan bá nílé, àwọn tí wọ́n wá gbé ní abúlé wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n rí i bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wú, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé èmi àti bàbá rẹ̀ ni a jọ fi ẹ̀jẹ̀ náà lé e lọ́wọ́, láìmọ̀. Alihamudulilahi, ó wà láàyè. Ó ń lọ sílé ìwé."

Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan mọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ dìde.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó jẹ́ kí n fẹ́ sọ ohun tí mo ti kà nípa àìsàn yìí, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1910, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, dókítà James Herrick kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín níbẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn hóró pupa kan tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, dípò kí wọ́n rí róbótó. Hóró tí ó bá tẹ̀ báyìí a máa há sínú iṣan tóóró. Òun ni ó ń fa ìrora egungun. Kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú, ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í fi í tó. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tí ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àléébù náà wà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá burú tó báyìí, kí ló dé tí ó fi pọ̀ láàrin wa? Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, èyí ni pé ó gba A lọ́dọ̀ òbí kan, ó gba S lọ́dọ̀ èkejì. Ní ọdún 1954, Anthony Allison, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, sọ pé ẹ̀jẹ̀ AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ń pani.

Bí ó ṣe ń ṣe é kò yé ènìyàn dáadáa. Ìbàdàn ni apá kan ìdáhùn ti wá, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH ṣí ní 1957. Níbẹ̀, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn ibà tí wọ́n jẹ́ AS, wọ́n sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Wọ́n rí i pé hóró tí kòkòrò ibà bá wọ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé ní ìlọ́po méjì títí dé mẹ́jọ ju èyí tí kòkòrò kò wọ̀ lọ. Hóró tí ó bá tẹ̀, ara a tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ọmọ AS lọ́wọ́ ibà náà ni, bí ọmọ bá gba S lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, tí ń dá a lóró. Ìyẹn ni àwọn baba wa rí tí wọ́n pè ní àbíkú. Ojú wọn rí ikú náà dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni ó pamọ́.

Orín àtà tí mo rà pàápàá ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi tí àwọn fà láti inú gbòǹgbò igi náà mú kí hóró tí ó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Lóòótọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kò tíì di ìwòsàn nínú ara, kí ẹnikẹ́ni má sì torí orín kọ oògùn dókítà. Lónìí, oògùn hydroxyurea ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀, àwọn dókítà ní Kano sì ti dán an wò fún àwọn ọmọ wa láti dènà àrùn rọpárọsẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àkọsílẹ̀ inú hóró ẹ̀jẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá ohun tí ẹni tí ń ta orín lè fojú sùn.

Nítorí náà, èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni àyẹ̀wò. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń sọ pé bí àkọ́bí bá ti jẹ ẹ́, ó ti tán. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìbò tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ C náà wà láàrin àwa Yorùbá, bí AS bá sì fẹ́ AC, wọ́n lè bí SC, èyí tí ó jẹ́ àìsàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AA, kò sí ọmọ wọn tí yóò jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ti ìkẹyìn yìí, tí wọ́n sì ń ba ìgbéyàwó tí kò ní nǹkan kan ṣe jẹ́.

Nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá àbúrò mi, wọ́n sì ní kí a dúró. Nígbà tí ìwé dé, AS ni. Ó ká a, ó kì í bọ àpò, a jáde sí abẹ́ afárá, ó sì pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí òun náà lọ. Ní àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, èsì ti ọmọbìnrin náà kò tíì dé, ilé wa sì ń gbàdúrà. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé ohunkóhun tí ó bá wí, àwọn yóò gbà á gbọ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn onímọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn Ìbàdàn ni ìmọ̀ yìí ti jáde. Nítorí náà, ẹ máa fi èdè tí ìyá olórín gbọ́ dá èsì padà fún wa, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ti ṣe ní abúlé. Ẹ̀yin àáfà àti pásítọ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kí ẹ tó béèrè ìwé. Nígbà yẹn, ọkàn ti so pọ̀, owó aṣọ ẹbí sì ti wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ A àti S kí wọ́n tó jáde ìwé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọkọ̀ bá sọ̀ yín kalẹ̀ ní Pósọ́fíìsì, ẹ gbójú sókè wo àwọn pátákó wọ̀nyẹn, kí ẹ sì wọlé nígbà tí ẹ kò tíì ní ẹni tí ẹ ó sunkún fún.