Omi Tó Wà Lábẹ́ Kọnkéré

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó bá nílé ní ìlú Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba lórílẹ̀-èdè Kánádà, yóò gbà pé òdodo ni òwe náà, ṣùgbọ́n yóò tún mọ̀ pé omi fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá ilé. Nígbà tí kọnkéré iwájú ilé bá sán níbẹ̀, òtútù ni àwọn àlejò ìlú náà kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Òtútù lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, omi ni a ó bá nídìí rẹ̀.

Ọkùnrin kan, ọmọ bíríkìlà láti Òṣogbo, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní Winnipeg kí ó tó ra ilé àgbà kan tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kọnkéré ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọgbà ti sán sí mẹ́ta. Apá kan gbé sókè, apá kejì rì, ẹ̀kẹta sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ilé, tó fi jẹ́ pé gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìdí ògiri ló ń lọ. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rinrin sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Yàrá yẹn gan-an ni ó ti ṣètò sílẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń bọ̀ wá bá wọn tọ́mọ.

Ní òpin oṣù Kẹwàá, agbaṣẹ́ṣe kan wá wo iṣẹ́ náà. Owó tó bèèrè kò tó ìdajì èyí tí àwọn mìíràn ń bèèrè. Yóò hú kọnkéré àtijọ́ kúrò ní ọjọ́ Jímọ̀, yóò sì da tuntun sórí ilẹ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn. Lójú ọmọ bíríkìlà, ọjọ́ méjì tó láti da ilẹ̀ kọnkéré kan. Ẹni tí kò bá a yọ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìkìrun, tó ti ń ṣe iṣẹ́ kọnkéré ní ìlú náà fún ọdún mọ́kànlá.

“Àbúrò, kí ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀?”

“Ilẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Irú ilẹ̀ wo?”

Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀.

Ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ ni Winnipeg dúró lé. Nígbà tí yìnyín ńlá tó bo apá àríwá Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ń yọ́, omi rẹ̀ kóra jọ di adágún kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lake Agassiz. Adágún náà ti ṣàn lọ tán láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kíkúnná tó rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló di amọ̀ tó wà lábẹ́ ìlú náà lónìí. Amọ̀ yìí a máa wú nígbà tó bá mu omi, a sì máa súnkì nígbà tó bá gbẹ. Bí òjò bá wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn igi ńlá ẹ̀bá títì a máa fa omi inú rẹ̀ mu, ìpìlẹ̀ ilé á sì rì. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé kan fi ń bomi rin ìdí ògiri wọn bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ìdí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fi ní òpó irin nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, òpó tí a lè yí sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ẹni ń yí jáàkì ọkọ̀, nígbàkigbà tí ilẹ̀ bá yí padà.

Amọ̀ náà ti dójú ti àwọn tó mọ iṣẹ́ ju agbaṣẹ́ṣe kékeré lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1913, ní North Transcona lẹ́bàá Winnipeg, ilé ọkà ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọnkéré kọ́ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Canadian Pacific bẹ̀rẹ̀ sí í rì nígbà tí wọ́n ń rọ ọkà sínú rẹ̀. Ìwúwo ilé náà tó 20,000 tọ́ọ̀nù. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 27. Kọnkéré rẹ̀ kò wó. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kò lè gbé e. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní láti gbẹ́ ilẹ̀ dé orí àpáta kí wọ́n tó lè gbé e dìde padà, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Bí amọ̀ bá ti rí báyìí láìsí òtútù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí òtútù bá dé? Ní oṣù Kìíní, ìwọ̀n ojú ọjọ́ Winnipeg máa ń wà ní nǹkan bí 16 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn òru kan sì wà tó ń kọjá 30 nísàlẹ̀ òdo. Dídì náà lè wọ inú ilẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Omi tó bá dì a máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé fífẹ̀ yìí nìkan ló ń gbé ilẹ̀ sókè. Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1930 pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi benzene rọ́pò omi nínú amọ̀, ó sì mú kí ó dì. Benzene kì í fẹ̀ nígbà tó bá ń dì, ńṣe ló máa ń súnkì. Síbẹ̀, amọ̀ náà gbé sókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tó ń dì a máa fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, títí yìnyín yóò fi nípọn lábẹ́ ilẹ̀. Yìnyín yìí ló ń gbé kọnkéré. Níbi tí kò bá sí omi tí yóò fà, òtútù kò ní ohun tí yóò fi gbé e.

Èyí ni ẹ̀gbọ́n náà ń wò nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé. Amọ̀ tó ti mu òjò yó ni wọn yóò da kọnkéré lé, láìsí òkúta wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà ṣàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré tuntun tó bá sì dì ní òru àkọ́kọ́, kí ó tó le, agbára tó bá pàdánù kò ní padà mọ́. Ó tún bèèrè irú kọnkéré tí agbaṣẹ́ṣe náà fẹ́ lò. Èyí tó yẹ fún ìta ní Kánádà gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn wẹ́wẹ́ nínú, ìdá 5 sí 8 nínú 100, kí omi tó bá dì nínú rẹ̀ lè ráyè fẹ̀. Omi tí wọ́n fi pò ó kò sì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 0.45 ti sìmẹ́ǹtì lọ.

“Àpò sìmẹ́ǹtì kan nílé, kílò 50 ni,” ni ẹ̀gbọ́n náà wí. “Lítà 22 àti ààbọ̀ ni gbogbo omi tó tọ́ sí i. Mélòó ni ẹ ń dà sí i ní Òṣogbo?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó rántí àwọn lébírà bàbá rẹ̀ tó ń fi korobá da omi sí kọnkéré títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ. Ó wá dà bíi pé gbogbo ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ kò wúlò níhìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó fi fọ́tò ilé náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp. Bàbá arúgbó náà kò rí yìnyín rí láyé rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, kó tó pe ọmọ rẹ̀. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì, kò sì bèèrè iye owó.

“Ọmọ mi, omi òjò orí òrùlé yẹn, ibo ló ń lọ?”

Ọmọ náà tún fọ́tò wò. Páìpù tó ń sọ omi òrùlé kalẹ̀ wá sí òpin ní igun ilé, ní ẹsẹ̀ ògiri tó là gan-an. Ó ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ìgbà tó ti ra ilé náà.

“Ìdí ògiri ni, Bàbá. Ẹ má bínú, n kò kíyè sí i.”

Bàbá náà wá rán an létí bí òun ṣe máa ń ṣe kí òun tó gbé ìpìlẹ̀ kalẹ̀: yóò dúró de òjò, yóò jáde sínú rẹ̀, yóò sì wo ibi tí àgbàrá ń gbà. Ìmọ̀ tí ọmọ náà rò pé kò bá òun sọdá òkun ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, lábẹ́ agbòjò bàbá rẹ̀.

Ó kọ iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé náà. Kò rọrùn, nítorí ìyá ìyàwó rẹ̀ ní láti bá àwọn ọmọ sun yàrá kan ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Kí ilẹ̀ tó dì, ó so páìpù mọ́ èyí tó wà níbẹ̀ kí omi lè jìnnà sí ilé ní mítà méjì, ó sì di ilẹ̀ mọ́ ìdí ògiri kí ó lè dà sí ìta. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní oṣù Kẹfà, ẹ̀gbọ́n náà kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n gbẹ́ amọ̀ kúrò, wọ́n tẹ́ aṣọ tí kì í jẹ́ kí amọ̀ dàpọ̀ mọ́ òkúta, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ ní ìpele ìpele, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to irin, tí wọ́n da kọnkéré, tí wọ́n sì gé ojú rẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí yóò ti là bí ó bá fẹ́ là. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi mú un tutù. Wọ́n di ògiri tó là náà pẹ̀lú. Nígbà tí òtútù padà dé, onílé náà kò da iyọ̀ sórí kọnkéré tuntun náà láti yọ́ yìnyín, nítorí iyọ̀ a máa bó ojú rẹ̀. Yanrìn ló ń dà sí i.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ilé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tijú láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Kí ni yóò wà lábẹ́ kọnkéré? Ibo ni omi yóò gbà lọ? Kí ni yóò bò ó bí òru bá tutù? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ̀dínwó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dínwó. Owó tó kù yóò di sísan nígbà tí ilẹ̀ bá gbé.

Ní oṣù Kẹrin tó tẹ̀lé e, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kọnkéré náà ti gbé díẹ̀ nínú òtútù, nítorí kò sí èyí tí kì í mira lórí amọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó gbé pọ̀, ó sì padà pọ̀. Ọkùnrin náà fi fóònù ya fídíò omi tó ń ṣàn lórí rẹ̀ lọ sí títì, ó fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ìyá ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bọ́ sí yàrá wọn?”

“Wọ́n ti wà níbẹ̀, Bàbá. Ó ti gbẹ.”