Kámúṣáàfù Eré Ìje àti Òkè Àkókó

Ọ̀rọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀pá irin kan wà níbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kámúṣáàfù. Bí ó bá jẹ́ èmi ni n ó sọ ọ́ lórúkọ, "ọ̀pá aṣílẹ̀kùn" ni n bá pè é, nítorí òun ni ó ń ṣí àwọn fáàfù, èyí tí í ṣe ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń bá wọlé, tí èéfín sì ń bá jáde.

Àwọn kókó irin tí ó rí bí ẹyin wà lára ọ̀pá náà. Bí ó ti ń yí, ṣóńṣó kókó á ti fáàfù kí ó ṣí, sípíríǹgì á sì dá a padà. Bí kiránkíṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àyè àtimí kò pọ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ìje fi ń gbẹ́ kókó náà kí ó ga, kí ó sì fẹ̀, kí fáàfù lè ṣí gbàragàdà, kí ó sì pẹ́ kí ó tó padé. Lórí eré àsápajúdé, afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọlé tipátipá, sílíńdà á kún, agbára á sì pọ̀.

Àbúrò mi kan tí ń fi ọkọ̀ ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà fẹ́ ra irú ọ̀pá yìí. Ara owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fẹ́ yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí agbára ni ọkọ̀ fi ń gun òkè?"

"Agbára ni, àmọ́ ìgbà wo ni agbára ọ̀hún ń dé?"

Mo ṣàlàyé fún un pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ kò ní ipá. Písítìnì á ti máa gòkè kí fáàfù ìje tó padé, á sì ti lára afẹ́fẹ́ náà padà síta. Ilẹ̀kùn méjèèjì á tún jọ ṣí pẹ́, èéfín á dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tútù. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní ìdúró, agbára ìbẹ̀rẹ̀ á sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ agbára ìbẹ̀rẹ̀ ni Àkókó ń béèrè, ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ alápàáta, níbi tí ọkọ̀ tí ó kún fún èrò àti iṣu ti ń ṣí lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo ní kí ó kúkú lọ yẹ bíréèkì rẹ̀ wò, nítorí ẹni tí ó gun òkè yóò sọ̀ kalẹ̀. Ó gbà.

Àwọn aṣẹ̀dá ọkọ̀ pàápàá mọ̀ pé kókó kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjì dáadáa. Ní ọdún 1989, Honda gbé VTEC jáde: kókó oríṣi méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ìrìn jẹ́jẹ́, èkejì fún eré kíkan.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ wo ni ẹ̀ bá fún ọ̀pá yìí? Ó dìgbà ná.