Bẹ́ẹ̀tì Já Lọ́nà Kétu

Ẹsẹ̀ tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mọ́tò lè kọṣẹ́ kí a tó débi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún wà. Bí ó bá bàjẹ́ nílùú ẹni, ìyọnu díẹ̀ ni. O ó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì rẹ, o ó jókòó sábẹ́ igi, o ó máa bú u títí yóò fi dé. Bí ó bá bàjẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀ ńkọ́? Ta lo fẹ́ fọkàn tán níbẹ̀?

Oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni tèmi ṣẹlẹ̀. Ní ìdájí la gbéra ní Òkè-Ogbó, Ilé-Ifẹ̀: èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì wa, àti ìyá mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá mi gan-an ni wọ́n ni ìrìn-àjò náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé Ifẹ̀ ni àwọn tó tẹ Kétu dó ti ṣí lọ. Wọ́n ní kí ọlọ́jọ́ tó dé, àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí Àkàbà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Kùtọnu, kí àwọn ọmọ lè rí òkun.

Ìwé wa pé. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Mo sì ní káàdì ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Ìdí-Ìrókò la gbà bọ́ sí Ìgólò, a kọjá Sákẹ́tẹ́, a kọjá Pobẹ̀. Peugeot 504 la gbé lọ, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà náà.

A ti kọjá Onígbólò, níbi tí Nàìjíríà àti Benin ti jọ dá ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì sílẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ "pàà!" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná pupa tàn níwájú mi. Kò pẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo já ewé síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ mìíràn má bàa rọ́ lù wá. Bẹ́ẹ̀tì tó ń yí fáànù àti pọ́ǹpù omi ló já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ mọ̀ pé bí ìyẹn bá ti já, omi rédíétọ̀ kò ní yípo mọ́. Ẹni tó bá ṣorí kunkun wà á lọ báyìí, ẹ́ńjìnnì tuntun ló máa rà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo ló kù. Ṣé ọkọ̀ ni kó mu ún ni, àbí ìyá àti ọmọ?

Ọkọ̀ méjì kọjá, wọn ò dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gun alùpùpù ló dúró. Ó kí wa ní Faransé, gbogbo wa ń wò ó bọ̀ọ̀. Ìyá mi bá ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọmọ yìí pé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni?" Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá, ṣé Nàgó ni yín?" Nàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún. Mẹkáníìkì ni, ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dùn, ó sì tún díjú. Bí a bá ń sọ ti ilé, ti oko, ti oúnjẹ, a gbọ́ ara wa yékéyéké. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a di àjèjì. Mo ní bẹ́ẹ̀tì, ó ní kuruwá. Mo ní púlọ́ọ̀gì, ó ní búsì. Mo ní pẹtiróòlù, ó ní ẹsáńsì. Iṣẹ́ ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà sáàrin wa ní ọdún 1889 nìyẹn. Wọn ò rí èdè ìyá wa gbà, orúkọ ẹrù tí wọ́n kó wá nìkan ni wọ́n rí pín fún wa.

Ó ní òun yóò mú bẹ́ẹ̀tì tó já yẹn lọ sí Kétu kí wọ́n fi wọn tuntun. Kí n mówó wá. Ìyàwó mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ìbejì, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ò mọ ilé rẹ̀. Tó bá lọ tí kò bọ̀ ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Sẹ́fà tó wà lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Òun la ó fi sùn, òun la ó fi jẹun.

Ìyá mi ò dá sí àríyànjiyàn wa. Wọ́n bi ọ̀dọ́kùnrin náà pé, "Ọmọ mi, ọmọ ibo ni bàbá rẹ?" Ó ní ọmọ Kétu ni. Ó ní nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, ọmọdé ni bàbá bàbá òun. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó padà wálé. Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú tó tún mọ̀nà ilé wá, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní torí owó bẹ́ẹ̀tì sọnù."

Mo fún un ní owó bẹ́ẹ̀tì. Owó iṣẹ́, mo ní ó di ìgbà tó bá dé. Ó tú àpótí súpánà rẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù, ó gbé e síwájú ìyá mi, ó sì lọ.

Ilẹ̀ ṣú. Àwọn ìbejì ti sùn. Ìyàwó mi ń wo ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ó tó nǹkan bí agogo mẹ́jọ kí a tó rí iná kan ṣoṣo lókèèrè. Òun ni! Ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì ti tì, òun lọ kanlẹ̀kùn ẹnì kẹta nílé ni. Ó kó ṣéńjì lé mi lọ́wọ́. Ìbejì kan di tọ́ọ̀ṣì mú, kò sì pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi dáhùn. Ìyàwó mi ló sanwó iṣẹ́ fún un, ó sì fi díẹ̀ kún un. Kétu la sùn lọ́jọ́ náà.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n fóònù kì í di bẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wakọ̀ ré kọjá ibodè, ẹ mú bẹ́ẹ̀tì kan pamọ́ sínú búùtù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ọkọ̀ yàtọ̀ sí omi èèyàn. Ẹ ṣẹ́ sẹ́fà kí ẹ tó kúrò ní ibodè. Ẹ má sanwó iṣẹ́ tán kí iṣẹ́ tó parí. Tí ìyá àgbà bá wà nílé yín tó lágbára àtirìn, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lè má mọ púlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìbéèrè tó yẹ kí a bi èèyàn.